Ojú ni Rẹfirí Ń Wò

Orí tẹ́lọ̀ aládùúgbò mi ni mo ń gẹ̀ lọ́wọ́ lálẹ́ Sátidé yẹn, ọjọ́ 28 Oṣù Kẹwàá, 2017. Mo ti gẹ apá ọ̀tún tán, ti òsì ṣì kù, nígbà tí ariwo sọ ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Ìkòtún. Rẹfirí ti dá ìjà Anthony Joshua dúró ní Cardiff. Tẹ́lọ̀ fò dìde tòun ti aṣọ lọ́rùn: "Ẹ̀gbọ́n, Takam ò ṣubú o! Orí ìdúró ló wà!"

Òótọ́ ni. Joshua, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí orírun rẹ̀ jẹ́ Ṣàgámù, ti gbá Carlos Takam, ọmọ Kamẹrúùnù, lulẹ̀ ní ráùndì kẹrin, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà dìde. Ọjọ́ 12 péré ló fi múra, torí Kubrat Pulev tó yẹ kó jà fara pa. Síbẹ̀, orí rẹ̀ ti kan imú Joshua ní ráùndì kejì, imú ọ̀hún sì kán. Ní ráùndì kẹwàá, ẹ̀ṣẹ́ rọ̀jò lé Takam lórí, ni rẹfirí Phil Edwards bá bẹ́ sí àárín wọn. Èrò tó lé ní 70,000 wà ní pápá. Joshua ni ọ̀pọ̀ wọn wá tì lẹ́yìn, síbẹ̀ wọ́n hó lé rẹfirí lórí.

Mo pa kílípà, mo ṣàlàyé. Ọ̀nà méjì ni nọ́káòtù ń gbà wá. Bí rẹfirí bá ka ení dé ẹ̀wá tí ẹni tó ṣubú ò dìde, ìjà parí. Èkejì ni TKO: èèyàn lè wà lórí ìdúró, ṣùgbọ́n bí rẹfirí bá rí i pé kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ mọ́, kò ní dúró dìgbà tó bá ṣubú. Ẹ̀ṣẹ́ tí èèyàn ò rọ́wọ́ dí mọ́ ló ń ba ọpọlọ jẹ́. Ó ti pa àwọn kan rí. Ìpéǹpéjú Takam sì ti ya, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn.

"Ojú ni rẹfirí ń wò," mo wí, "kì í ṣe ẹsẹ̀."

Ìdájí ọjọ́ kejì Oṣù Kẹfà, 2019, ó kàn mí. Ní New York, Andy Ruiz gbá Joshua lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ráùndì keje, Joshua dìde, ó fara ti igun, ó na apá sórí okùn. Rẹfirí Mike Griffin ní ó tó. Bẹ́líìtì lọ. Mo pariwo òjóró títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní Mọ́ńdè, tẹ́lọ̀ wá gẹrun. Kò tíì jókòó dáadáa tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹfirí. Ó gbọ́ mi tán.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ojú Joshua ńkọ́? Ṣé ẹ wò ó?"

Mo wò ó. Ojú ẹni tí ò mọ ibi tó wà ni.

Mo tan kílípà, mo ní kó tẹrí ba.