Oníṣòwò Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó, kí ẹ tó yí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa

Ẹni tó bá ń ti Èkó lọ sí Benin, tó bá sọ̀ kalẹ̀ jẹun ní Ọ̀rẹ̀, kó fara balẹ̀ wo àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀. Orúkọ ọlọ́jà lè má hàn dáadáa lára pátákó, ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù rẹ̀ yóò hàn. Nọ́ńbà wà lára sọ́ọ̀mílù, ó wà lára ṣọ́ọ̀bù fọgánáísà, ó wà lára ọkọ̀ tó ń kó pákó lọ sí Èkó, ó sì wà lára agboòrùn ẹni tó ń ṣe P.O.S. Ìlú tí ogun abẹ́lé ọdún 1967 sọ di olókìkí yìí, lára àwọn tó ń kọjá lọ ló ti ń jẹun lónìí. Oníbàárà tó bá sì ti kọjá lọ, fóònù ló lè dá a padà sọ́dọ̀ ọlọ́jà.

Ìdí nìyẹn tí yíyí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà kò fi yẹ kó jẹ́ ohun tí èèyàn ń fi ìbínú ṣe. Ìbínú ọ̀hún sì pọ̀ nílẹ̀ lóòótọ́. Lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 ni NCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, fọwọ́ sí i pé káwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Àjọ náà ní látọdún 2013 lowó náà ti wà lójú kan, bẹ́ẹ̀ ìnáwó àwọn iléeṣẹ́ yìí ń ga sí i. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejì, owó ìpè àti owó dátà ti gbẹ́sẹ̀ sókè, SMS tó jẹ́ náírà 4 sì di náírà 6. Ẹni tó ń fi fóònù ṣòwò kò ní í ṣàì bèèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí tirẹ̀ ṣì rọjú.

Ìbéèrè tó dáa ni. Àwọn tó ti ń ṣòwò látọdún 2001 tí GSM wọlé dé rántí ìgbà tí ìpè ìṣẹ́jú kan tó náírà 50, tí èèyàn bá sì sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n máa yọ. Wọ́n ní kò tíì ṣeé ṣe láti máa ka ìṣẹ́jú-àáyá. Àfi ìgbà tí Glo dé lóṣù Kẹjọ ọdún 2003 tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, làwọn yòókù náà wá rí i pé ó ṣeé ṣe. Nítorí náà, iléeṣẹ́ tó bá mọ̀ pé oníbàárà lè fi òun sílẹ̀ ló máa ń ṣọ́ra.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ọlọ́jà máa rí lápò gan-an. Ká ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan fi kọ́bọ̀ 3 dín ju èkejì lọ lórí ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn jẹ́ náírà kan àti ọgọ́rin kọ́bọ̀ lórí ìṣẹ́jú kan. Bí oníṣòwò pákó bá ń pe èèyàn 40 lóòjọ́, tó ń bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, náírà 144 ló máa ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Bó bá fi ọjọ́ 26 ṣiṣẹ́ lóṣù, náírà 3,744 nìyẹn. Owó ni, a ò ní ká fi ṣòfò. Àmọ́ oníbàárà kan péré tó ń wá pákó ẹ̀kún ọkọ̀, tó pe ọlọ́jà yìí lẹ́ẹ̀mẹta tí kò wọlé, tó sì lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ti gbé èrè oṣù mélòó lọ? Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í fi kún ìṣírò nìyẹn.

Bónọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fi polówó náà, ẹ bèèrè ọjọ́ tó máa ń jóná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ṣeé fi pè. Ẹ má sì gbàgbé owó tí wọ́n ń yọ bí ẹ bá ń fi kóòdù báńkì ránṣẹ́ owó. Látoṣù Kẹfà ọdún 2025, inú káàdì ìpè yín ni wọ́n ti ń yọ náírà 6 àti kọ́bọ̀ 98 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yòówù kí ẹ sá lọ, ẹ máa bá èyí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ká oníṣòwò agbègbè yìí lára jù ni bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń mú. Ẹ̀bá títì márosẹ̀ ni Ọ̀rẹ̀ wà, irú ibẹ̀ làwọn iléeṣẹ́ sì máa ń kọ́kọ́ ri òpó mọ́, nítorí ibẹ̀ lèrò wà. Ṣùgbọ́n òwò Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó kò pin sójú títì. Inú igbó ni gẹdú ti ń wá, inú oko ni kòkó àti epo pupa ti ń wá. Ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́nà Aráròmí-Obù, tàbí tó ní oníbàárà lápá Àgbábù, kì í ṣe oríta Ọ̀rẹ̀ ló yẹ kó ti dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò. Bó ti wù kó mú níbẹ̀ tó, bí kò bá mú lábà tí àgbẹ̀ wà, kò wúlò fún òwò yẹn. Igi ńláńlá àti òkè a máa dí ìgbì lọ́wọ́, èyí tó sì ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì tó yára jù lọ kì í sábà rìn jìnnà. Ẹni tó bá fi ìpolówó 5G tàn yín, ẹ bi í pé ìpè lásán ńkọ́, ṣé yóò wọlé nínú oko?

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Àwọn tó ní fóònù onísímù méjì máa ń rò pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì yóò dìde. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2014 ni MTN fa òpó rẹ̀ lé iléeṣẹ́ IHS lọ́wọ́, Airtel náà sì gbà lọ́dún yẹn kan náà láti ta ọ̀pọ̀ tirẹ̀ fún American Tower. Iléeṣẹ́ olópòó yìí ń ta àyè fún ẹni tó bá lówó, ẹ lè wá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n jọ so mọ́ òpó kan, tí jẹnẹrétọ̀ kan náà ń gbé iná fún wọn. Bí dísù bá tán níbẹ̀, gbogbo wọn ló máa kú pa pọ̀. Lóṣù Kẹta ọdún 2025, MTN àti Airtel tún kéde pé àwọn yóò jọ máa lo ohun èlò ara wọn láwọn ibì kan. Nítorí náà, ẹni tó ń wá símù kejì tí yóò fi ṣe ààbò, kó ṣọ́ bó ṣe ń rí nígbà tí àkọ́kọ́ bá kú. Bí méjèèjì bá ń kú lásìkò kan náà, símù méjì yẹn kò yàtọ̀ sí ẹyọ kan.

Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ kọ́kọ́ ra símù nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ ń wò, ẹ fi sí ojú kejì fóònù yín fún oṣù kan. Ẹ gbé e dé gbogbo ibi tí òwò ń gbé yín dé, ẹ lò ó láàárọ̀, ẹ lò ó nírọ̀lẹ́ táwọn èèyàn pọ̀ lórí ẹ̀. Àwọn oní-P.O.S, ẹ rántí pé símù wà nínú ẹ̀rọ tiyín náà. Owó oníbàárà tó há sójú ọ̀nà nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wàhálà ọjọ́ kan kọ́.

Ẹ tún wo bí ẹsẹ̀ iléeṣẹ́ náà ṣe múlẹ̀ tó. Àwọn oníṣòwò kan kọ nọ́ńbà M-Tel tàbí Starcomms sára pátákó, iléeṣẹ́ méjèèjì ti kógbá sílé. Etisalat tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008 ní oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù 20 nígbà tó lókìkí. Gbèsè báńkì dé ọrùn rẹ̀, àwọn tó ni orúkọ náà láti òkè òkun kẹ́rù wọn, ó di 9mobile lóṣù Keje ọdún 2017. Nígbà tó tún yí orúkọ padà sí T2 lóṣù Kẹjọ ọdún 2025, oníbàárà tó kù kò tó mílíọ̀nù mẹ́rin, orí òpó MTN ló sì fi ń mú níbi tí tirẹ̀ kò bá dé.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ kò nídìí láti fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 2013 ni NCC ti gba àwọn aráàlú láyè láti gbé nọ́ńbà wọn látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bọ́ sí òmíràn, lẹ́yìn tí Ghana ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 2011. Ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun ni wọ́n ń lọ, kì í ṣe ti àtijọ́. Wọ́n á fún yín ní símù, ẹ ó sì fi ọ̀rọ̀ náà PORT ránṣẹ́ sí 3232 látorí nọ́ńbà yín. Ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lo káàdì àti dátà tó kù tán, nítorí kò ní í bá yín lọ, ẹ sì san gbèsè káàdì tí ẹ yá. Ẹ sọ fún àwọn tó ń fi káàdì ránṣẹ́ sí yín náà, torí pé 0803 yín lè máà jẹ́ MTN mọ́. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ ọjà, nítorí pé ó lè gba wákàtí mélòó kan kí símù tuntun tó jí.

Ewu tó tóbi jù wà lọ́dọ̀ ẹni tí kò gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ, tó kàn ju símù àtijọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Láìnì tí ẹnikẹ́ni kò fi pè tàbí fi ṣe ohun tó ń mówó wọlé fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè pa á. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣì wà ní báńkì yín, ẹlòmíràn ni yóò máa gba álẹ́ẹ̀tì yín àti kóòdù tí báńkì ń fi ránṣẹ́. Nítorí náà, báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kó tó kan símù àtijọ́.

Àwọn kan ní àwọn fẹ́ kúrò nítorí àṣírí, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn mọ nǹkan púpọ̀ jù nípa àwọn. Èyí kò mú ẹsẹ̀ nílẹ̀ tó. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ọdún 2015 pàṣẹ fún gbogbo wọn láti tọ́jú àkọsílẹ̀ ìpè fún ọdún méjì, òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lóṣù Kẹfà ọdún 2023 sì de gbogbo wọn bákan náà. Ibi tí àṣírí ti ń tú ni ìdí agboòrùn, lọ́wọ́ ẹni tó ń ya àwòrán NIN yín sórí fóònù ara rẹ̀. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn gan-an. Ẹ má sì ra símù tí wọ́n ti fi orúkọ ẹlòmíràn sílẹ̀ fún, torí bó bá sọnù, ẹni tó ni NIN náà nìkan ló lè ṣe wẹ́kọ̀mù báàkì rẹ̀. Irú láìnì tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ ló kó MTN sí wàhálà lọ́dún 2015, tí owó ìtanràn tí wọ́n padà fẹnu kò sí lọ́dún 2016 fi jẹ́ bílíọ̀nù 330 náírà.

Bí iléeṣẹ́ bá kọ̀ láti tú yín sílẹ̀, tàbí tó ń yọ owó yín lọ́nà tí kò yé yín, ẹ kọ́kọ́ pe 300 tó jẹ́ nọ́ńbà àwọn fúnra wọn, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ pe NCC lórí 622. Wọn kì í gba owó ìpè náà.