Ohun Tó Ń Mú Kí Ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù Tètè Gbàgbé Nínú Kọ̀ǹpútà Kúáńtọ́ọ̀mù

Ìṣòro kan wà tó ń fa kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù sẹ́yìn: ìgbàgbé ni. Ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe é ni kí wọ́n ká ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo mọ́ inú àyè tíńtín kan tí wọ́n ń pè ní quantum dot. Ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù náà dà bí òòfà kékeré. Ibi tó bá dorí kọ, ìyẹn spin rẹ̀, ni wọ́n fi ń tọ́jú ìsọfúnni. Bó bá yẹ̀ níbi tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ, ìsọfúnni ti lọ nìyẹn.

Ta wá ló ń yẹ̀ ẹ́? Inú obì ni kòkòrò tó ń jẹ obì ń gbé. Àwọn átọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ṣe quantum dot náà gan-an ni. Àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù, ìyẹn núkílíọ̀sì, lè ní spin tiẹ̀ náà. Òòfà tiẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù, àmọ́ wọ́n pọ̀ jù. Nínú gallium arsenide, kò sí núkílíọ̀sì tí kò ní spin, ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù kan sì lè máa kan nǹkan bíi mílíọ̀nù kan nínú wọn. Ẹ wo ẹni tó ń ka owó láàárín ọjà, tí gbogbo èèyàn ń pariwo nọ́ńbà sí i létí. Ṣé kò ní ṣì í kà ni?

Lọ́dún 2005, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Harvard, l'Amẹ́ríkà, fi ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù méjì wọn ìgbàgbé yìí. Bí ẹ bá gé ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, bíi mẹ́wàá péré nínú rẹ̀ ló gbà. Ṣùgbọ́n ariwo àwọn núkílíọ̀sì kì í tètè yí padà, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí wọn mú. Wọ́n yí spin padà ní agbedeméjì, kí ohun tó yẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ lè yẹ̀ padà sí àyè rẹ̀ nígbà kejì. Bí àwọn sárésáré ni: bí wọ́n bá ní kí gbogbo wọn ṣẹ́rí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó yára jù ló jìnnà jù, torí náà wọ́n á jọ dé ilé ni. Ọgbọ́n yìí sọ àkókò náà di ohun tó lé ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Àwọn mìíràn ní kí wọ́n kúkú pààrọ̀ ọjà ọ̀hún. Nínú sílíkọ́ọ̀nù tí à ń wà nínú ilẹ̀, kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún átọ́ọ̀mù tí núkílíọ̀sì rẹ̀ ní spin. Ìyẹn ni sílíkọ́ọ̀nù-29, wọ́n sì lè yọ ọ́ kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Lọ́dún 2014, Yunifásítì New South Wales ní Ọsirélíà lo sílíkọ́ọ̀nù tó ku 800 péré irú rẹ̀ nínú mílíọ̀nù kan. Láìyí spin kankan padà, ìrántí náà pẹ́ tó ìlọ́po 12,000 ti Harvard.

Àwọn olùwádìí kan kò tilẹ̀ fẹ́ lé àwọn núkílíọ̀sì náà lọ mọ́. Torí pé wọn kì í tètè yí padà, wọ́n fẹ́ sọ wọ́n di àpótí tí ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù á máa kó ìsọfúnni rẹ̀ pamọ́ sí.