Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí Àìsàn Ọpọlọ Ń Bá Jà Nínú Ilé Wa

 

Ọ̀rọ̀ alẹ́ òní dá lé ẹ̀gbọ́n tó ń dá sọ̀rọ̀, àbúrò tí kì í sùn lóru, ìyá tó jáde sí títì Badagry tí wọn ò rí i títí ọjọ́ kẹta. Ìtìjú ló ń mú kí ọ̀pọ̀ wa máa gbé wọn pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a gbé pamọ́, ta ni yóò bá a béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó korò bẹ̀rẹ̀. Ní Nàìjíríà, kò sí òfin tó ní kí ìjọba máa san owó oṣooṣù fún gbogbo ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ wà. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 ka àìsàn ọpọlọ tó pẹ́ lára mọ́ àbùkù ara, ó sì ní kí wọ́n tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ní ọdún 2023, òfin ìlera ọpọlọ tuntun rọ́pò òfin wèrè àtijọ́ tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀. Ìjọba Èkó náà ti ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011, òun ló gbé ọ́fíìsì LASODA kalẹ̀, níbi tí a ti ń forúkọ àwọn aláàbọ̀ ara sílẹ̀.

Lórí ìwé ni ọ̀fẹ́ yẹn wà o! Bí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó, ẹ má jà. Ẹ béèrè àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ilé ìwòsàn náà, kí ẹ ṣàlàyé fún wọn.

Ìwé dókítà ni ìpìlẹ̀. Ilé ìwòsàn Yábàá, tó ti wà láti 1907, ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì. Árò ní Abẹ́òkúta náà wà. Dókítà lè kọ ìwé ẹ̀rí tí kò ní ju 180 ọjọ́ lọ. Bí àìsàn bá kọjá ìyẹn, àjọ tí òfin 2019 dá sílẹ̀ ni yóò fúnni ní èyí tí kò ní gbèdéke, bí dókítà bá ti dámọ̀ràn rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ba nǹkan jẹ́ nìyí. Dókítà béèrè pé, "Báwo ni?" A dáhùn pé, "Alhamdulillah, ó ti ń sàn." Àṣà wa ni, a ò fẹ́ kí ẹnu wa pe ibi. Aláìsàn náà wọ aṣọ mímọ́, ó dáhùn dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, dókítà sì kọ ohun tó rí. Lẹ́tà yẹn kò ní ran yín lọ́wọ́. Ní Árò láti 1954, nígbà tí Dókítà Lambo gba àwọn aláìsàn láàyè láti máa gbé ní abúlé ìtòsí pẹ̀lú ẹbí wọn, ẹbí náà wà nínú ìtọ́jú, torí ẹni tó ń bá a gbé ló mọ òru rẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ọjọ́ tí kò wẹ̀, ọjọ́ tó jáde láìwọ bàtà, oògùn tí kò lò, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú déètì. Òótọ́ ni ẹ ń sọ, ẹ kò fi ṣépè fún un.

Nípa ààwẹ̀, ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti lọ, kò di dandan fún un. Ẹni tí oògùn ń mú dúró, kó má dá oògùn dúró nítorí sààrì. Ẹ bi dókítà bóyá ó ṣeé yí sí alẹ́.

Bí owó bá wá wọlé, bóyá owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, tàbí sàká tí mọ́sálásí fún un torí pé ó jẹ́ aláìní, tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti ìdílé. Áyà karùn-ún nínú Sūratun-Nisāʾ kan ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tí kò lè ṣètò ohun ìní rẹ̀, a ó máa bọ́ ọ, a ó sì máa fi aṣọ bò ó. Ẹni tó ń di owó náà mú, kó kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sílẹ̀, kó sì máa fi han ẹlòmíràn nínú ẹbí lóṣooṣù.