Ṣé o mọ̀? Ta ni ọlọ́pàá New York ń dá dúró nígbà náà?

Láti oṣù kìíní 2004 títí di oṣù kẹfà 2012, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.4 ìgbà ni ọlọ́pàá New York dá èèyàn dúró lójú pópó. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n bá dá dúró, 52 jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ìyẹn ní ìlú tí aláwọ̀ dúdú kò ju 23 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọ̀kan nínú ìdí tí ọlọ́pàá máa ń fàlà sí nígbà náà lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ tí wọ́n bá dá èèyàn dúró ni pé ìrìn onítọ̀hún mú ìfura dání. Ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà tó bá rí ọlọ́pàá? Síbẹ̀, 88 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n dá dúró ló lọ láìsí ẹ̀sùn kankan. Ohun ìjà gan-an, ara aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti ń rí i jù: 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ funfun tí wọ́n dá dúró, 1.0 nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ dúdú. Ní oṣù kẹjọ 2013, Adájọ́ Shira Scheindlin dájọ́ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é tako òfin Amẹ́ríkà.