Bí Òwìwí Erékùṣù Príncipe Ṣe Di Mímọ̀

Otus bikegila ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún òwìwí kékeré kan tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní gúúsù erékùṣù Príncipe. Òkun kan náà tí ọkọ̀ ń gbà gúnlẹ̀ sí Kirikiri àti Apapa ló yí erékùṣù yìí ká, ó sì jẹ́ ara orílẹ̀-èdè São Tomé àti Príncipe. Oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni ìwé àtìgbàdégbà ZooKeys gbé àpèjúwe ẹyẹ náà jáde. Lójú àwọn onímọ̀ nìkan ló ti jẹ́ tuntun; àwọn ará erékùṣù ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tipẹ́, ẹ̀rí ẹnu wọn sì lọ sẹ́yìn títí dé 1928.

Ibi tó ń gbé ló fi í pamọ́. Igbó kìjikìji ni, ilẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sì sí abúlé kankan níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú ló máa ń ké “tuu”, ohùn kúkúrú tó ń tún jáde ní bíi ìṣẹ́jú-àáyá kan síra. Kò jọ igbe òwìwí tí àwọn àgbà Yorùbá máa ń kà sí ti ẹyẹ àjẹ́ rárá; etí àlejò lè pè é ní ohùn kòkòrò.

Àwọn tó máa ń gun igi kó ọmọ odídẹrẹ́ tẹ́lẹ̀ ló mọ igbó yìí bí ẹní mowó. Ọ̀kan nínú wọn ni Ceciliano do Bom Jesus, tí wọ́n ń pè ní Bikegila, tó padà di ẹ̀ṣọ́ ọgbà igbó ìjọba. Láti 1998, tí Martim Melo, onímọ̀ nípa ẹyẹ, ti ń tọ ipasẹ̀ òwìwí náà, ìmọ̀ Bikegila ni àwọn olùwádìí fi ń rìn. Ọdún 2016 ni wọ́n tó fojú kàn án, tí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀.

Fọ́tò nìkan kò tó. Wọ́n wọn ara rẹ̀, wọ́n yẹ àwọ̀ ìyẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì yẹ DNA rẹ̀ wò, kí wọ́n tó lè sọ pé kì í ṣe òwìwí São Tomé tàbí ti ilẹ̀ Áfíríkà. Bikegila ni wọ́n fi sọ ẹyẹ náà lórúkọ, láti yẹ òun àti gbogbo amọ̀nà bíi tirẹ̀ sí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí irú wọn kì í sábà wọ inú ìwé.

Wọ́n wá a káàkiri erékùṣù. Orí ilẹ̀ bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 15 péré ló wà, iye rẹ̀ kò sì ju 1,000 sí 1,500 lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá a lábàá pé kí wọ́n kà á mọ́ ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun tó le jù lọ, pàápàá bí ètò ṣe wà nígbà náà láti kọ́ ìdídò kékeré kan fún iná mànàmáná ní agbègbè náà.