Ìyá Fẹlá: abiyamọ tó fi ilé ara rẹ̀ kọ́ ọmọ

Ẹ̀yin òbí wa, bí wọ́n bá dárúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, mọ́tò tó wà àti ìjà owó orí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lọ́pọ̀ èèyàn máa ń rántí. Ẹ jẹ́ ká wo inú ilé rẹ̀ lónìí.

Ọmọ mẹ́rin ló bí. Obìnrin tó jẹ́ àkọ́bí di nọ́ọ̀sì, Olikóyè àti Bẹ́kọ̀ di dókítà, Fẹlá gba ìdí orin lọ. Ìyá wọn ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Nígbà tí Olikóyè di mínísítà ètò ìlera lọ́dún 1985, ọmọ mẹ̀kúnnù lòun náà dojú kọ: abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọmú ìyá, omi oníyọ̀ òun ṣúgà fọ́mọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ohun tọ́mọ bá rí nílé ló ń bá a dàgbà.

Lọ́jọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá l'Ékòó, wọ́n sì ju ìyá ẹni ọdún 76 láti ojú fèrèsé. Ara rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò títí tó fi kú lóṣù kẹrin, ọdún 1978.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbà nílé, ìṣubú kì í ṣe eré fún arúgbó. Tí Màmá bá ṣubú, tí kò lè dìde, ẹ má fi òògùn ìpara wọ́ ọ, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ẹ má sì dúró dọjọ́ ìsìnkú kẹ́ ẹ tó sọ ìtàn ìyá yín fáwọn ọmọ. Ẹ pè wọ́n sọ́dọ̀ ìyá àgbà nísinsìnyí, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.