Obìnrin Onímọ̀ Bíbélì: Iṣẹ́ Mercy Amba Oduyoye

Ìbéèrè: Ṣe àlàyé lórí iṣẹ́ obìnrin kan tí ó fi ìmọ̀ ìwé ran àwùjọ lọ́wọ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìwádìí nípa Bíbélì rí. Àwọn awalẹ̀pìtàn a máa wa ilẹ̀ ìlú àtijọ́ kí wọn lè mọ bí àwọn ènìyàn ayé ìgbà Bíbélì ṣe gbé. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Kathleen Kenyon, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wa ilẹ̀ Jẹ́ríkò láti 1952 títí di 1958. Àwọn mìíràn kì í gbé ọkọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ inú ìwé, òwe àti ìtàn àwọn ènìyàn ni wọ́n ń tú wò. Ọ̀nà kejì yìí ni Ìyáàfin Mercy Amba Oduyoye tọ̀, ìlú Ìbàdàn sì ni ó ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ilẹ̀ Gánà ni a ti bí i ní 1934. Òjíṣẹ́ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni bàbá rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó wọ Yunifásítì ti Gánà ní Legon, níbi tí ó ti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn. Láti ibẹ̀ ni ó ti kọjá sí Cambridge, ó sì gboyè nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní 1965. Ní 1968, ó di aya Modupe Oduyoye, òǹkọ̀wé ọmọ Yorùbá, ó sì bá ọkọ rẹ̀ wá sí Nàìjíríà. Ó ṣe olùkọ́ ní Lagelu Grammar School, Ìbàdàn. Láti 1974 títí di 1986, ó ń kọ́ni nípa ìmọ̀ ẹ̀sìn ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Báwo ni ó ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀? Ó máa ń gbé Bíbélì kalẹ̀, yóò sì kó òwe àti àlọ́ Akan àti ti Yorùbá tì í. Nínú ìwé rẹ̀, Daughters of Anowa, tí ó jáde ní 1995, ó yẹ ohun tí irú òwe àti àlọ́ bẹ́ẹ̀ ń sọ nípa obìnrin wò fínnífínní. Kò ní kí a da àṣà nù, kò sì ní kí a gbé gbogbo rẹ̀ mì láìjẹ. Èyí tí ó gbé ènìyàn ró ni kí a mú. Èyí tí ó tẹ obìnrin mọ́lẹ̀ ni kí a fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Gbogbo wa ni a mọ bí ojú ṣe ń pọ́n obìnrin tí kò bímọ láàrin wa. Ìyáàfin Oduyoye kò bímọ, kò sì fi í pamọ́. Ní 1999, ó kọ àròkọ kan jáde lórí rẹ̀, ó sì ṣàlàyé pé ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà so èso láyé ju ọmọ bíbí nìkan lọ.

Ó tún mọ̀ pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ní 1989, òun àti àwọn obìnrin mìíràn dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Áfíríkà onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run sílẹ̀ ní Gánà. Ìwé ìpàdé náà, Talitha, Qumi!, jáde ní Ìbàdàn ní 1990. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni pé kí ọmọdébìnrin dìde. Ní àkókò yẹn, ó jẹ́ igbákejì akọ̀wé àgbà Àjọ Àwọn Ìjọ Àgbáyé ní Geneva, ipò tí ó wà láti 1987 títí di 1994.

Ẹ̀kọ́ wà níhìn-ín fún àwa ọmọ Ìjàyè. Ogun fọ́ Ìjàyè àtijọ́ ní 1862, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn míṣọ́nnárì ti ń kọ́ni ní Bíbélì níbẹ̀ ṣáájú. Iṣẹ́ ń bẹ fún ẹni tí yóò wa ilẹ̀, ó sì ń bẹ fún ẹni tí yóò jókòó ti àwọn ìyá àgbà gbọ́ òwe àti ìtàn. Nítorí náà, ọmọbìnrin tí ó bá mú Ìmọ̀ Bíbélì, Ìtàn àti Yorùbá nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá kò mú iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Kí òbí má ṣe dá a dúró.